Kí ló bí àwọn ará Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè) ní orílẹ̀-èdè Benin nínú nígbà tí Ààrẹ Talon fẹ́ wọlé lẹ́ẹ̀kejì ní 2021?

Sáà ọdún 5 rẹ̀ tí wọ́n ní ó ti pé ni. Ní oṣù kẹrin 2016 ni Patrice Talon búra gẹ́gẹ́ bí ààrẹ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ó sì ti ṣèlérí nígbà ìpolongo pé ẹ̀ẹ̀kan péré lòun máa ṣe. Àtúnṣe òfin ìlú ti 2019 ló wá sún ọjọ́ ìbúra tuntun sí 23 oṣù karùn-ún 2021. Lójú àwọn tó ń bínú, ó yẹ kó ti sọ̀kalẹ̀ ní oṣù kẹrin. Bẹ́ẹ̀, wọn ò jẹ́ kí àwọn alátakò tó lẹ́nu díje. Reckya Madougou, ọ̀kan lára wọn, tiẹ̀ ti wà látìmọ́lé.

Àwọn tó ń bínú bá dí ọ̀nà Kùtọnu sí Parakou ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin, àwọn ṣọ́jà yìnbọn kí wọ́n lè ṣí i, àwọn èèyàn sì kú. Ó dùn mí gan-an, torí kò yẹ kí ìbò gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ 11 ni wọ́n dìbò, Talon sì gba nǹkan bí 86%. Inú àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ dùn: ọ̀nà ọ̀dà tó ṣe ni wọ́n ń tọ́ka sí nígbà náà.