Mítà ní iná wà, gílóòbù ní kò sí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní iná aláwọ̀ mẹ́ta (pupa, ewé, funfun) tó wà lórí òpó ìgbòkun ọkọ̀ ojú omi yín ń ṣe ségesège: ó ń tàn bàìbàì, ìgbà mìíràn sì wà tí kò ní tàn rárá, pàápàá tí ọkọ̀ bá fì, bẹ́ẹ̀ mítà tẹ́ ẹ fi ń wọn iná ń sọ fún yín pé fóltì 12.6 ló dé ìdí òpó. Ẹ ti pààrọ̀ gílóòbù lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá fẹ́ ra odindi iná tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó yẹn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Èmi náà ti gun òpó lọ pààrọ̀ iná tí kò ṣẹ̀ mí. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo tan súìsì, òkùnkùn tí mo fi sílẹ̀ náà ni mo bá.

Ohun tó tàn mí jẹ nígbà yẹn ló ń tan ẹ̀yin náà jẹ báyìí: mítà. Iná tí mítà ń fà kò tó nǹkan kan. Bí wáyà bá ti jẹ débi pé ó ku fọ́nrán kan ṣoṣo, fọ́nrán yẹn á ṣì gbé fóltì 12.6 dé ojú mítà, torí kò sí ẹrù lórí rẹ̀. Gílóòbù wáàtì 25 ní tiẹ̀ ń fẹ́ ámpíà (ìwọ̀n iná tó ń ṣàn) méjì ó lé díẹ̀, ìgbà tí ẹ bá sì di ìyẹn ru fọ́nrán kan náà ni àṣírí máa tú. Lọ́jọ́ tí ojú mi là, mo so ògbólógbòó gílóòbù kan mọ́ wáyà méjì, mo fi kan ibi tí mítà ti ń ka 12.6 ní ìdí òpó. Gílóòbù pọ́n fẹ́ẹ́ bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, mítà já wálẹ̀ sí 7 ó lé díẹ̀. Ńṣe ni mo jókòó sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo ti fi bá iná yẹn jà.

Torí náà, ẹ tan iná kó máa ṣiṣẹ́ lọ kí ẹ tó gbé mítà. Tí gílóòbù orí òpó kò bá fẹ́ tàn rárá, ẹ so òmíràn mọ́ wáyà ní ìdí òpó bí mo ṣe ṣe. Ẹ wá fi wáyà gígùn so ẹsẹ̀ dúdú mítà mọ́ orí nẹ́gétíìfù bátìrì gan-an, kó jókòó síbẹ̀. Kì í ṣe nẹ́gétíìfù tó bá ṣáà wà nítòsí yín o, ti orí bátìrì ni. Ẹsẹ̀ pupa ni kẹ́ ẹ máa gbé rìn: orí pọ́sítíìfù bátìrì, lẹ́yìn fíúùsì, lẹ́yìn súìsì, púlọ́ọ̀gì ìdí òpó. Ibi tí iye náà bá ti já lójijì, ẹ ti kọjá àrùn náà, ó wà láàárín ibi tẹ́ ẹ wà àti ibi tẹ́ ẹ ti ń bọ̀.

Ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ dára, bó ṣe dára lọ́dọ̀ mi. Ẹ má pa iná. Ẹ gbé ẹsẹ̀ pupa yẹn lé wáyà nẹ́gétíìfù ní ìdí òpó. Ó yẹ kó ka òdo tàbí kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òdo. Tèmi ka 4.9. Fóltì márùn-ún ń ṣòfò lójú ọ̀nà ìpadàbọ̀, gílóòbù ń jẹ èyí tó ṣẹ́ kù! Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, apá pọ́sítíìfù nìkan ni mò ń tú, torí ibẹ̀ ni fíúùsì àti súìsì wà, ojú èèyàn á sì máa lọ síbi tí nǹkan pọ̀ sí.

Ẹni tó ni ọkọ̀ náà ṣáájú mi ló fọwọ́ lọ́ nẹ́gétíìfù pọ̀ lábẹ́ pákó ilẹ̀ iyàrá, ó fi téèpù dì í, ó sì lọ. Tí ọkọ̀ bá fì sápá òsì, omi ìsàlẹ̀ ọkọ̀ á ṣàn bò ó. Mo tú téèpù náà, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé ló dà sí mi lọ́wọ́. Mo gé wáyà náà sẹ́yìn títí mo fi kan bàbà tó ń dán, ó sì lé ní ìwọ̀n ọwọ́ kan, torí iyọ̀ máa ń gba inú rọ́bà wọlé. Wáyà bàbà tí wọ́n fi tánńganran bò ni mo fi rọ́pò rẹ̀, mo fi irin ìsowáyà há a pọ̀, mo sì fi ike onígọ́ọ̀mù tó ń sún kì tí ooru bá kàn án bò ó. Mo gbé ojú ìsopọ̀ náà kúrò nílẹ̀. Téèpù lásán nínú ọkọ̀, ojú ayé ni.

Púlọ́ọ̀gì ìdí òpó, ẹ ṣí i wò náà. Tèmi ti ń bàjẹ́, àmọ́ òun kọ́ ni ọ̀daràn.

Tí gbogbo ojú ìsopọ̀ bá dára, tí iná ṣì ń ṣe bàìbàì, ẹ wo bí wáyà ṣe nípọn tó. Ká ní láti bátìrì dé orí òpó jẹ́ mítà 20, àlọ àtàbọ̀ jẹ́ 40. Wáyà 1.5 mm² á gba bíi fóltì kan lọ́wọ́ gílóòbù wáàtì 25, ìyẹn ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ iná ọkọ̀ fẹ́ kó mọ, ẹ sì máa nílò 4 mm² kẹ́ ẹ tó dé ibẹ̀. Kékeré kọ́ ni fóltì kan yẹn: tí gílóòbù onífọ́nrán bá pàdánù ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fóltì rẹ̀, bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló ń bá a lọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ ṣáà fi LED sí i. Mo fẹ́ràn LED, òun ni mò ń lò báyìí, àmọ́ ẹ tún wáyà ṣe ná. Iná tó ń fà kéré débi pé yóò máa tàn lórí ìsopọ̀ tó ti jẹrà, yóò sì bò ó mọ́lẹ̀ títí di òru ọjọ́ tí ẹ ò fẹ́. Ẹ má sì ki LED funfun sẹ́yìn gíláàsì aláwọ̀ ewé tí wọ́n ṣe fún gílóòbù onífọ́nrán. Ó máa ń jọ búlúù lójú ẹni tó wà lókèèrè. Tó bá kọ̀ láti tàn, ẹ yí wáyà rẹ̀ padà wò, torí kì í gba pọ́sítíìfù níbi nẹ́gétíìfù. Tí rédíò bá sì ń hó nígbà tí ẹ bá tàn án, LED náà ni kẹ́ ẹ fura sí.

Kẹ́ ẹ tó rí i ṣe, àwọn iná ìsàlẹ̀, pupa lósì, ewé lọ́tùn-ún, funfun nídìí ọkọ̀, tó fún ọkọ̀ tó ń fi ìgbòkun rìn. Òfin ojú òkun ọdún 1972 gba ọkọ̀ tí kò tó mítà 20 láyè láti kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sórí òpó, kò ní dandan ni. Ẹ má tan tòkè àti tìsàlẹ̀ pọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti tan ẹ́ńjìnnì, ẹ pa ti orí òpó, ẹ lo tìsàlẹ̀ pẹ̀lú iná funfun tó kọjú síwájú.

Ẹ wọn nẹ́gétíìfù yẹn lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ bá níbẹ̀ fún mi.