Ṣé Eku Ló Lé Ààrẹ Kúrò ní Ọ́fíìsì?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi kò gbà pé eku lé ààrẹ kúrò ní ọ́fíìsì rí ní Nàìjíríà. Ṣé òótọ́ ni? (Òǹkàwé yín, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari ti London dé lẹ́yìn ìtọ́jú tí ó gbà ju ọgọ́rùn-ún ọjọ́ lọ, agbẹnusọ rẹ̀, Garba Shehu, kéde pé eku ti ba àga àti ẹ̀rọ amúlétutù ọ́fíìsì náà jẹ́, nítorí náà, ilé ni Bàbá yóò ti máa ṣiṣẹ́. Ọdún 2025 ni Shehu tó jẹ́wọ́ pé ṣe ni òun fi ọ̀rọ̀ eku yí ọkàn aráàlú kúrò lórí àìlera ọ̀gá òun. Láti ọdún 2017 wá ni wọ́n ti ń ba eku aláìṣẹ̀ lórúkọ jẹ́!

Ká tilẹ̀ ní òótọ́ ni, a jẹ́ pé eku yá lọ́wọ́ ju ìjọba lọ: ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2015 ni Buhari gorí àlééfà, ṣùgbọ́n oṣù Kọkànlá ni àwọn mínísítà rẹ̀ tó búra wọlé, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń pè é ní Baba Go Slow.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti ilé ìwòsàn inú Aso Rock. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2017 kan náà, Aisha, aya ààrẹ, figbe ta ní gbangba pé síríńjì lásán kò sí níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ ti mọ ọ̀nà London bí ẹní mowó.