Ṣé dandan ni sítáńdáàdì nígbà tí ẹ̀rọ wa ò tóbi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, tíìmù mẹ́ta ló ń ṣe ẹ̀rọ kan, àwọn kan wà lórí bátìrì, àwọn kan lórí mọ́tò, àwa wà lórí kọ̀ǹtírólà, wáyà CAN, ìyẹn wáyà méjì tí àwọn bọ́ọ̀dù fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá ní ká tẹ̀lé sítáńdáàdì, ó dárúkọ ISO/IEC/IEEE 15288, èyí tó dá lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àmọ́ ìwé yẹn pọ̀ jù. Ṣé a nílò ẹ̀ lóòótọ́?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ nílò ẹ̀, àmọ́ ẹ má kó gbogbo ẹ̀ lérí lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí iṣẹ́ tíìmù kan ti pàdé ti èkejì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ibẹ̀ ni wàhálà máa ń sá pa mọ́ sí.

Ẹ wo CAN yẹn, ISO 11898, sítáńdáàdì tiẹ̀, ló ní kẹ́ ẹ fi rẹsísítọ̀ 120 ohm sí ìdí wáyà lápá méjèèjì, tẹ́ ẹ bá wá pa iná tẹ́ ẹ fi mítà wọn láàárín wáyà méjèèjì, H àti L, nǹkan bíi 60 ohm ló yẹ kẹ́ ẹ rí, tó bá jẹ́ 120 lẹ rí, ẹnì kan ò tíì fi tiẹ̀ sí i nìyẹn. Kò sí pé à ń bára wa jiyàn, nọ́ńbà ti wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò bá yín mú sípíìdì o, kò sì sọ ohun tí nọ́ńbà inú mẹ́sééjì túmọ̀ sí. Ó ti ṣojú mi rí, tíìmù kan fi tiẹ̀ sí 250 kbit/s, èkejì fi sí 500, kò sẹ́ni tó rú sítáńdáàdì nínú wọn, bọ́ọ̀dù méjèèjì ò sì gbọ́ra wọn yé, ọjọ́ méjì gbáko la fi wá a. Torí náà ẹ kọ sípíìdì, yúnìtì àti ẹni tó ń fi kiní ránṣẹ́ sínú ìwé kan ṣoṣo, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i.

Kẹ́ ẹ sì dán an wò, ìwé nìkan ò tó! Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ òfuurufú tí NASA rán lọ sí Mars, tí wọ́n sì pàdánù ní 1999, ìwé wọn ti ní newton-second ni kí wọ́n fi wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ti ọkọ̀ náà, software kan ṣì ń kó pound-force second, yúnìtì míì, jáde, ìyàtọ̀ ẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́rin lọ.

Ní ti 15288, iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń ro ẹ̀rọ títí dìgbà tẹ́ ẹ máa kó o kúrò nílẹ̀ ló ń sọ, ìwé náà fúnra ẹ̀ sì gbà kẹ́ ẹ gé e bá iṣẹ́ yín mu, kẹ́ ẹ ṣáà kọ ohun tẹ́ ẹ yọ àti ìdí tẹ́ ẹ fi yọ ọ́. Ti 2023 ni kẹ́ ẹ kà.

Tó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀la ni mo máa pe tíìmù méjì tó kù jókòó, sípíìdì àti yúnìtì la sì máa kọ́kọ́ kọ.