Bàálù Èkó sí New York: wákàtí mọ́kànlá ni, kì í ṣe mẹ́fà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mò ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ra tíkẹ́ẹ̀tì fún mi kí n wá bá a wẹ ọmọ tuntun ní New York ní oṣù kẹfà. Aago mọ́kànlá alẹ́ la máa gbéra l'Ékòó, aago márùn-ún ìdájí la máa débẹ̀. Àbọ̀ ńkọ́? A ó gbéra láago méjìlá ọ̀sán, a ó dé Èkó ní aago mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wákàtí mẹ́fà ní àlọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní àbọ̀! Ọ̀gbẹ́ni kan ládùúgbò ní bí mo bá fowó lé e, òun á bá mi pààrọ̀ bàálù àbọ̀ sí èyí tó yá. Ṣé kí n san án?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ bi mí, inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó ń fi àìmọ̀ àwọn ìyá wa jẹun.

Kò sí bàálù èrò tó ń fi wákàtí mẹ́fà dé New York láti Èkó. Ọ̀nà yẹn lé ní kìlómítà 8,400, bàálù òde òní kì í sì í sáré ju bíi kìlómítà 900 lọ ní wákàtí kan. Bàálù Concorde tó máa ń sá bí ọta ìbọn, wọn ò fi kó èrò mọ́ láti 2003. Kí ni ọ̀gbẹ́ni yẹn wá fẹ́ pààrọ̀?

Aago ìlú méjì lẹ yọ kúrò nínú ara wọn. Aago gbígbéra, ti ìlú tí bàálù ti ń gbéra ni. Aago dídé, ti ìlú tó ń balẹ̀ sí ni. Oòrùn ti ń ràn lọ́dọ̀ tiwa kó tó yọ lọ́dọ̀ tiwọn. Ní oṣù kẹfà, wákàtí márùn-ún la fi ṣáájú wọn: bí ẹ bá ń gún iyán ọ̀sán n'Íkẹ́rẹ́ láago méjìlá, aago méje àárọ̀ ni lọ́dọ̀ ọmọ yín. (Ní Disẹ́ńbà, mẹ́fà ni, torí wọ́n máa ń dá aago tiwọn padà ní wákàtí kan lóṣù kọkànlá, àwa kì í fọwọ́ kan tiwa.)

Ẹ wọ aago lọ, kí ẹ má yí i. Bí ẹ bá balẹ̀ níbẹ̀ láago márùn-ún, aago mẹ́wàá àárọ̀ ni tọwọ́ yín máa sọ. Láti mọ́kànlá alẹ́ sí mẹ́wàá àárọ̀, wákàtí mọ́kànlá. Ọ̀sán tí ẹ ó gbéra bọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni l'Ékòó. Ẹ kà á dé mẹ́ta òru kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: wákàtí mẹ́wàá àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àbọ̀ tí ọ̀gbẹ́ni yẹn ní ó ń fà ló tún yá ju àlọ lọ! Atẹ́gùn òkè lọ́hùn-ún ló fà á: láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń fẹ́ wá, ó ń ti bàálù tó ń bọ̀ nílé lẹ́yìn, ó ń dènà èyí tó ń lọ. Atẹ́gùn kì í rí bákan náà lójoojúmọ́ ṣá o, ẹ má fi ìṣẹ́jú mú mi.

Bàálù tó lọ tààrà ni mo ṣírò. Bí ẹ bá máa yà níbì kan, ẹ ní kí ọmọ yín ka ibi tí wọ́n kọ “Duration” sí fún yín, ìyẹn iye wákàtí tí ìrìn-àjò náà máa gbà.

Bí ẹ bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà, dókítà yín ni kí ẹ bi nípa àkókò tí ẹ ó máa lò ó, kì í ṣe èmi tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sì ti lọ sùn l'Ékòó ní alẹ́ tó ṣáájú. Ọ̀nà Èkìtì sí Èkó kò ní “Duration” kankan.