Kí ló dé tí ẹ̀dá ìtàn fi ń yí padà nínú pọ́dkáàsì?
Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ṣé òǹkọ̀wé máa ń gbàgbé irú ẹni tí ẹ̀dá ìtàn ẹ̀ jẹ́ ni, torí ẹni tẹ́ ẹ gbọ́ ní síísìn kìíní kọ́ lẹ̀ ń gbọ́ ní ìkẹta. Lójú tèmi, rárá o. Ẹ wo The Magnus Archives, pọ́dkáàsì ìtàn adẹ́rùbani kan, ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016 ó parí ní 2021, ẹpisóòdù 200, Jon ni ẹ̀dá ìtàn tó ń ka ohun tójú àwọn èèyàn rí, níbẹ̀rẹ̀ kì í gba ọ̀pọ̀ ẹ̀ gbọ́, á kà á tán á tún bẹnu àtẹ́ lù ú, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ lẹ̀rù ń wọnú ohùn ẹ̀, ó wá di ẹni tó ń fura sáwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nìyẹn, torí kò sójú téèyàn máa wò, ohùn nìkan ló wà, bó ṣe ń mí, ibi tó ti dákẹ́, ẹni jẹ́jẹ́ tó wá ń dá ọ̀rọ̀ mọ́ àwọn èèyàn lẹ́nu. Tí ìyípadà bá dé lójijì láìsóhun tó fà á, òǹkọ̀wé ló jẹ̀bi, ó sì máa ń dùn mí gan-an. Ẹ tún síísìn kejì gbọ́ ná, kẹ́ ẹ máa ṣọ́ ohun tí ẹ̀dá ìtàn yẹn pàdánù.