Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là: ṣé ká dúró de iṣẹ́ abẹ ká tó máa kọ́ ọ lọ́rọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin pé oṣù 7. Àjà ẹnu rẹ̀ ló là, ètè rẹ̀ ò là. Dókítà ní tó bá pé ọdún kan ni wọ́n á rán an. Ìyá ọkọ mi ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú lórí ọ̀rọ̀ kó tó dìgbà yẹn. Ẹlòmíì ní kí n ra fèrè kó máa fọn. Èwo ni kí n ṣe? (Ìyá ọmọ, Òṣogbo)

Ìdáhùn: Ẹ má dúró rárá. Oṣù 7 yìí gan-an ni ọmọ ń fi ohùn ṣeré, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ á dí ojú ibi tó là, àmọ́ kò ní fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Ká tó lè pe "b", "d", "k" tàbí "gb", afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ há sẹ́nu kó tó tú jáde. Ti àwọn ọmọ tí àjà ẹnu wọn là ń gba ojú ibi tó là sá lọ sí imú. Ìdí nìyẹn tí "bàbá" fi máa ń dà bíi "màmá" lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí i dáadáa: ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀nà ọ̀fun nìyẹn ti ń wá, kì í ṣe àjà ẹnu. Nínú èdè tiwa tí ohùn ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ohun ńlá ni ọmọ yín ní lọ́wọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ tí kò la wàhálà lọ ni kí ẹ máa bá a sọ jù báyìí: omi, imú, ẹnu, ọwọ́, iná, wá. Tí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́, ẹ fọwọ́ kan imú rẹ̀, ẹ ní "imú rèé", kí ẹ wá dákẹ́ díẹ̀ kó lè fèsì. Tó bá ń ṣe "mà-mà-mà", ẹ dá a lóhùn bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ rọra fi ìka di ihò imú rẹ̀ pẹ́rẹ́ bó ṣe ń ṣe é lọ́wọ́. Ó lè di "bà-bà-bà" létí yín. Eré ni o. Ẹ má ṣe é nígbà tó bá ń jẹun tàbí tó ń sunkún.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni tàwọn ọmọ tó ń gé ọ̀rọ̀ lọ́nà ọ̀fun, tí "ata" á di "a-a", tí gbogbo ilé á sì máa bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Tó bá ti mọ́ ọmọ lára, iṣẹ́ abẹ kì í mú un kúrò. Ẹ kàn tún un pè dáadáa fún un, "ata ni", ẹ má fipá mú un.

Fèrè ò kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Owó rẹ̀, ẹ fi wọkọ̀ lọ yẹ etí rẹ̀ wò, torí omi sábà máa ń dá sẹ́yìn ìlù etí àwọn ọmọ tí àjà ẹnu wọn là, ọmọ tí kò gbọ́ dáadáa ò sì ní pe ọ̀rọ̀ re. Tó bá jẹ́ owó iṣẹ́ abẹ ló ń kọ yín lóminú, àjọ Smile Train ń san án láwọn ilé ìwòsàn tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà. Ẹ béèrè kí ẹ tó yáwó.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ wá mú "bàbá", "bàtà" àti "adìẹ" wọlé. Tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ṣì ń gba imú jáde bó ṣe ń dàgbà, ẹ gbé e padà lọ bá àwọn dókítà. Ó lè gba iṣẹ́ abẹ kejì, kò sí bí a ṣe lè fi ìdánrawò dí ohun tí kò pa dé.