Ampiclox lẹ́yìn oníbàárà kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Oníkẹ́míìsì àdúgbò wa ní kí n máa lo Ampiclox méjì tí oníbàárà kò bá lo rọ́bà, kí n sì fi omi iyọ̀ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ inú ojú ara mi. Mo ti ń ṣe é tipẹ́, nǹkan kan kò sì ṣe mí. Ṣé kí n máa bá a lọ, àbí oògùn mìíràn wà tó le jù ú lọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, dá a dúró. Mi ò ní dárúkọ oògùn tó le jù ú lọ fún ọ, torí ìbéèrè yẹn gan-an ló wọ́. Irú rẹ̀ kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ kọ́ ni mo ń bínú sí o. Àwọn tó ń ta oògùn fún yín láì yẹ̀ yín wò ni.

Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan kan kò ṣe ọ́? Ọkùnrin tó bá kó àtọ̀sí sábà máa ń mọ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan: ìtọ̀ á máa ta á, ọyún á máa jáde. Ti obìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Àtọ̀sí àti chlamydia, èyí tó sábà máa ń bá a rìn, lè wà lára obìnrin fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí àmì kankan, kí wọ́n máa ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́ títí yóò fi dí. Ọjọ́ tó bá ń wá ọmọ ló máa mọ̀. Ti rẹ́kórẹ́kó (syphilis) tún burú. Egbò rẹ̀ kì í dunni, ó sì lè wà nínú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà, egbò náà á jinná fúnra rẹ̀, àìsàn á sì ti wọ inú ara lọ. Ẹni tó ń lo Ampiclox á ní oògùn òun ló jẹ́. Ibi tí kápúsù yẹn ti gba òkìkí nìyẹn.

Ampicillin àti cloxacillin ló wà nínú rẹ̀, ìdílé pẹ́nísílìnì ni àwọn méjèèjì. Nígbà kan, pẹ́nísílìnì ń pa àtọ̀sí. Ní 1976, àwọn onímọ̀ rí àtọ̀sí tó ní èròjà tó ń gé pẹ́nísílìnì sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà àkọ́kọ́ yẹn, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí ni wọ́n tọpa rẹ̀ dé. Lẹ́yìn náà ó borí tetracycline, ó borí cipro. Abẹ́rẹ́ ceftriaxone ni a ń fi wò ó báyìí. Bí a bá ń fi oògùn tí kò tó ìwọ̀n yọ àtọ̀sí lẹ́nu, abẹ́rẹ́ yẹn náà kò ní ràn án mọ́. HIV, herpes àti hepatitis B tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ni wọ́n, oògùn bíi Ampiclox kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Ì báà jẹ́ páálí Ampiclox kan lo gbé mì, kò kàn wọ́n.

Wọ́n tilẹ̀ ti dán irú èrò yìí wò. Ní Nairobi, ní Kenya, láàárín 1998 sí 2002, wọ́n kó obìnrin 466 tó ń ṣiṣẹ́ yìí jọ. Wọ́n ń fún àwọn kan ní azithromycin, oògùn mìíràn tó ń pa kòkòrò àrùn, lóṣooṣù, wọ́n ń fún àwọn yòókù ní èyí tí kò ní oògùn nínú. Àtọ̀sí àti chlamydia dín kù lára àwọn tó lo oògùn gidi. HIV kò dín kù. Lábẹ́ ìṣọ́ dókítà nìyẹn o, kì í ṣe ti oníkẹ́míìsì.

Omi iyọ̀, Dettol, álọ́ọ̀mù, má fi ọ̀kankan fọ inú mọ́. Àwọn kòkòrò rere wà níbẹ̀ tó ń lé búburú sẹ́yìn. O ń fọ̀ wọ́n dànù, o sì ń bó ara tó yẹ kó dí ọ̀nà mọ́ HIV. Ìta nìkan ni kí o fọ̀, omi lásán sì tó.

Rọ́bà ni kí o dì mú. Má fi Vaseline, àdí tàbí òróró kankan pa á, torí òróró máa ń jẹ́ kó bẹ́. Bí o bá fẹ́ ohun tó ń yọ̀, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fi omi ṣe ni kí o rà. Ẹyọ kan ni kí o lò lẹ́ẹ̀kan, má ṣe wọ méjì léra. Oníbàárà tó bá mutí yó tó ń jà, rọ́bà obìnrin lè gbà ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí o lè ti fi í sínú kó tó wọlé. Mo mọ̀ pé owó tí wọ́n ń fi lé e nítorí àìlo rọ́bà ń wọ̀ yín lójú. Ní Thailand, láti 1991, ìjọba sọ ọ́ di òfin ní gbogbo ilé: kò sí rọ́bà, kò sí nǹkan. Oníbàárà kò ríbòmíràn yà sí, àrùn ìbálòpọ̀ sì já wálẹ̀ gan-an. Ẹ̀yin obìnrin òtẹ́ẹ̀lì yín náà, ẹ fẹnu kò láàárín ara yín kí ẹnikẹ́ni má gbà láìsí rọ́bà.

Bó bá bẹ́, ilé ìwòsàn ni kí o sáré lọ kí wákàtí 72 tó pé, bó sì ṣe yá tó ló dára tó: oògùn ọjọ́ 28 wà tó lè dènà HIV. Oògùn tí ẹni tí kò tíì ní HIV ń lò lójoojúmọ́ kó má bàa kó o náà wà. PrEP ni orúkọ rẹ̀, bi wọ́n léèrè. Gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, kí o sì máa ṣe àyẹ̀wò ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí nọ́ọ̀sì kan bá fi iṣẹ́ rẹ bú ọ, lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn, má padà sí kẹ́míìsì.

Mi ò tíì yẹ̀ ọ́ wò, nítorí náà má fi ohun tí mo kọ yìí ra oògùn. Abẹ́rẹ́ pẹ́nísílìnì tó ń wo rẹ́kórẹ́kó lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, doxycycline tí wọ́n fi ń wo chlamydia kò sì yẹ aláboyún. Lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́sẹ̀ yìí. Sọ ọjọ́ tí o lo Ampiclox kẹ́yìn fún wọn, torí ó lè da èsì rú. Bí o bá ní ọ̀rẹ́kùnrin nílé, mú un dání. Tí wọ́n bá tọ́jú rẹ tí wọn ò tọ́jú òun, á tún fi kó ọ padà.